Èló Ló Kù?

Fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà, n kò mọ iye owó tó wà nínú àkáǹtì mi. Kì í ṣe pé owó náà pọ̀ débi tí kò fi ṣeé kà. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ìbàdàn, ẹni tó bá sì mọ owó oṣù olùkọ́ ìjọba mọ̀ pé ọmọdé lè kà á tán kí omi tó hó lórí iná. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì bá wọlé, ńṣe ni mo máa ń dojú fóònù bolẹ̀ lórí tábìlì, bí ẹni pé owó tí n kò bá rí nígbà tó ń lọ kò tíì lọ. Bí mo bá dé ìdí ẹ̀rọ tó ń pọ owó, n kì í béèrè iye tó kù. Mo kàn máa ń tẹ iye tí mo fẹ́ ni. Bí ẹ̀rọ náà bá kọ̀, màá sọ ọ́ kalẹ̀ láti 10,000 náírà sí 5,000, láti 5,000 sí 2,000, títí yóò fi gbà fún mi, nígbà tí àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń pòṣé. Ìṣirò sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àìmọ̀wé kọ́ ló ń dà mí láàmú. Mo mọ bí èlé ṣe ń gun orí èlé, mo sì ti fi ìmọ̀ràn lórí ìfowópamọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn rí. Ohun tí n kò lè ṣe ni kí n jókòó ti owó tèmi kí n wò ó lójú.

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í béèrè èló. Ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, bàbá mi sì jẹ́ akọ̀wé ìjọba. Bí mo bá béèrè pé èló ni wọ́n ra bàtà kan, ìdáhùn tí màá gbọ́ ni pé, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ sanwó rẹ̀ ni?" Bí owó ilé-ìwé bá pẹ́, wọ́n á ní ó ń bọ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ béèrè ibi tó ti ń bọ̀ tàbí iye tó máa jẹ́. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá mi á ti ilẹ̀kùn yàrá, a ó sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ka owó ọjà: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ilẹ̀kùn tó tì yẹn ni mo fi ṣe ẹ̀kọ́. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ owó ṣe rí, pé bí ènìyàn bá kà á síta, ohun burúkú kan lè gbọ́.

Ó pẹ́ kí n tó fi etí sílẹ̀ sí ohun tí ìyá mi ń wí gan-an lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta: àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìwé lórí èdè wa ṣàlàyé pé owó wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí, pé "owó kan" ló súnkì di oókan. Bí a bá ń ka iṣu tàbí òkúta, owó ẹyọ ni ẹnu wa ṣì ń kà láìmọ̀. Igba ni ẹyọ 200. Igba márùn-ún di ẹgbẹ̀rún. Igba mẹ́wàá di ẹgbàá. 20,000 sì ni a ń dì sínú àpò kan tí a ń pè ní ọ̀kẹ́. Ẹni tó bá gba ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ lọ́jà níláti jókòó sílẹ̀ kó máa kó o ní márùn-ún márùn-ún, iṣẹ́ tó gba àkókò, tó sì ṣòro láti ṣe ní kọ̀rọ̀. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń béèrè. Mélòó là ń béèrè fún ewúrẹ́ àti fún ọmọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n èló jẹ́ ti owó nìkan. Èdè tó ya ọ̀rọ̀ ìbéèrè kan sọ́tọ̀ fún owó kò jọ èdè àwọn tó ń tijú láti béèrè rẹ̀. Ibòmíràn ni mo ti rí ìtìjú tèmi.

Gbèsè ló kọ́kọ́ tú àṣírí mi. Ní ọdún 2021, iṣẹ́ káfíńtà tí ọkọ mi ń ṣe kò tíì gbérí padà lẹ́yìn ìsémọ́lé àrùn kòrónà, owó ilé sì pé. Mo gba áàpù kan tó ń yáni lówó sórí fóònù mi. Mo béèrè 30,000 náírà. 21,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn ti yọ owó iṣẹ́ àti èlé kúrò níbẹ̀, kí n sì dá 30,000 padà lẹ́yìn ọjọ́ méje. Nígbà tí ọjọ́ méje pé tí n kò rí i san, mo yá lọ́dọ̀ áàpù kejì láti fi san ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta láti fi san ti ẹ̀kejì. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, mẹ́rin ni wọ́n. N kò ṣe ìṣirò rẹ̀ nígbà náà. Ìgbà tó yá ni mo ṣe é: 9,000 lórí 21,000 láàárín ọjọ́ méje, ó lé ní náírà 42 lórí náírà 100 kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá mú irú ìdáhùn yìí wá, mo lè ní kó padà lọ wò ó bóyá ó ṣìṣe.

Nígbà tí n kò lè san mọ́, wọ́n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù mi, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni mí. Pírínsípà mi rí i. Ìyá ìjọ wa rí i. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ìyá mi gbé e dé ìdí àtẹ èlùbọ́ ní Bódìjà.

Bàbá ìyá mi jẹ́ òṣómàáló. Ará Iléṣà ni, ọ̀kan lára àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì padà wá gbowó nígbà tí àdéhùn bá pé. Ẹni tí kò bá san, bàbá náà á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun; ibẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ náà ti wá. Ìtìjú ni irinṣẹ́ tiwọn náà, n kò ní purọ́ pé inúure ni. Ayé àtijọ́ tilẹ̀ mọ èyí tó le ju ìyẹn lọ: a ń dógò ti onígbèsè, a sì ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, tí iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó kò sì ní dín gbèsè náà kù, torí èlé ni iṣẹ́ náà jẹ́. Síbẹ̀, òṣómàáló mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Ẹnu ọ̀nà onígbèsè fúnra rẹ̀ ló ń lóṣòó sí. Bí onígbèsè bá jáde, wọ́n á rí ojú ara wọn, wọ́n á sọ iye tó kù síta, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà. Àwọn tèmi kò wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹnu ọ̀nà gbogbo ènìyàn tó mọ̀ mí ni wọ́n lọ, wọ́n sì fò tèmi. (Ní 2022, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní kí gbogbo ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò mi ti rìn jìnnà.)

Ìyá mi wá sílé wa lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìwé àjákọ kan lábẹ́ apá. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Èló ni gbogbo rẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ó wò mí títí. "O ò mọ̀ kẹ̀? Tíṣà ìṣirò!" Ìgbà yẹn gan-an ló tó bínú. Kò bínú pé mo jẹ gbèsè. Ta ló ń tajà ní Bódìjà tí kò jẹ gbèsè rí? Ó bínú pé mo jẹ ẹ́ láìmọ iye rẹ̀. Ó ní, "Owó tí ìwọ ò bá kà, ẹlòmíràn á bá ọ kà á." Ó fún mi ní bírò, a sì ṣí fóònù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń pe iye, ọkọ mi ń wo ilẹ̀, títí a fi dé 187,400 náírà. Ó yà mí lẹ́nu pé iye náà kéré sí èyí tó wà lọ́kàn mi. Ẹ̀rù tí mo ti ń gbé kiri láti oṣù mélòó kan ti kọjá mílíọ̀nù.

Ìyá mi gba èésú rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó fi san gbogbo rẹ̀, mo sì ń dá 5,000 padà fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ náà, kò sì dárí owó ọ̀sẹ̀ kankan jì mí. Nígbà náà ni mo rí ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ìwé ogún ọdún, orúkọ àwọn tó ra àwìn, iye tí wọ́n san, ìgbà tí alájọ wá, owó ọjọ́ kan tí alájọ yọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ rẹ̀ lóṣù. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi ń tilẹ̀kùn. Ó ní ìjì àtẹ́gùn tó máa ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni, ó máa ń fẹ́ owó bébà kiri ilẹ̀.

Ẹ lè rò pé láti ìgbà náà ni mo ti yí padà. Rárá. Mo san gbèsè tán, mo sì padà sí dídojú fóònù bolẹ̀. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà ni ọ̀wọ́n owó bébà ti ọdún 2023. Báńkì àpapọ̀ ti pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, wọ́n ní ti àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì, tuntun kò sì tó nílẹ̀. Àwọn oní-POS ń ta owó fún wa bí ẹni ń ta iṣu. Owó oṣù mi wà ní báńkì ní tòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin lórí ìlà, 6,000 náírà ni wọ́n fún mi, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí òmíràn máa wà. Takisí Micra kì í gba owó orí fóònù, aláta kì í gbà á. Mo ya ìlà sẹ́yìn ìwé ìdánwò kan, mo kọ 6,000 sókè, mo sì ń yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọkọ̀, ata, ọkọ̀, búrẹ́dì. Mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ṣàkíyèsí pé ọkàn mi balẹ̀, ní àsìkò tí gbogbo ìlú ń jà ní ẹnu ọ̀nà báńkì. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta pé kí owó àtijọ́ ṣì máa lọ títí di ìparí ọdún, owó padà síta, ṣùgbọ́n n kò dáwọ́ ìwé náà dúró.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo ti rò pé oúnjẹ ló ń jẹ owó mi, àti ìwà àpà tí mo máa ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ara mi lóru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tó pọ̀ jù lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni 2,000 síhìn-ín, 3,000 sọ́hùn-ún tí mo ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí, àti aṣọ ẹbí mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ ju owó ilé-ìwé ọmọ mi ní sáà kan lọ.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn lórí owó tí mo ti kà ló ní kí n kọ́ bí a ṣe ń sọ pé rárá, kí n sì yàgò fún àwọn tó ń fa owó mi. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ ọ́ kò ní àbúrò ìyá. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló san owó ìdánwò WAEC fún mi nígbà tí owó oṣù bàbá mi há. Ọmọ rẹ̀ ló ń pè mí báyìí. Bí mo bá ní kí n gé irú okùn bẹ́ẹ̀ kí àkáǹtì mi lè sanra, n kò mọ ohun tí màá fi àkáǹtì náà ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kọ́ ni pé mo ń fúnni. Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo ń fúnni lójú dídì: bí mo bá ní, mo fún, bí n kò bá ní, mo yá, bí ó bá sú mi, mo purọ́ pé kò sí lọ́wọ́. Irọ́ yẹn ló burú jù, torí ó kọ́ àwọn ènìyàn mi pé "kò sí" túmọ̀ sí "bẹ̀ mí sí i".

Nísinsìnyí, mo máa ń ya owó ẹbí sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, mo ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ń sọ iye náà síta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, ọmọ àbúrò ìyá mi yìí ló pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú o, 15,000 ni mo ń wá."

Mo ní, "Owó ẹbí tó kù lọ́wọ́ mi lóṣù yìí, 4,000 ni. Ṣé kí n fi ránṣẹ́, àbí kí o ní sùúrù di oṣù tó ń bọ̀ kó lè pọ̀ díẹ̀?"

Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ìlà ti já. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ fi 4,000 yẹn ránṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. N ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń kà á."

Kò rọrùn pẹ̀lú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí mo wọ aṣọ ẹbí àtijọ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọra lọ síbi ìsìnkú kan dípò kí n ra tuntun, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Owó kíkà kì í sì í sọ owó di púpọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún 2023, ààrẹ tuntun sọ níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, owó ọkọ̀ mi sì fò kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí 470 náírà kọjá 1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, iye náà ń dúró, ohun tó lè rà ń sá lọ. Èésú ibi iṣẹ́ wa ló kọ́kọ́ fi èyí hàn mí dáadáa. Ẹni mẹ́wàá ni wá, oníkálukú ń dá 20,000 lóṣù, a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2023, èmi ni ìbò sì gbé sí ìkẹyìn. Ẹni tó kọ́kọ́ gba 200,000 fi ra páànù tó parí òrùlé rẹ̀. Èmi gba 200,000 kan náà ní oṣù Kejìlá, kò sì lè ra ìdá méjì nínú mẹ́ta páànù yẹn.

Mo dábàá nípàdé pé nínú èésú tó máa tẹ̀ lé e, kí ẹni mẹ́ta tó máa kọ́kọ́ gbà máa dá 22,000, kí ẹni mẹ́ta tó máa gbà kẹ́yìn máa dá 18,000, kí ẹni mẹ́rin àárín dúró lórí 20,000; 200,000 náà ni yóò ṣì jẹ́ lóṣooṣù. Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà inú wa ní èésú kì í ní èlé, pé ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí owó olówó èlé nìyẹn, pé láti ìgbà tí Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ nípa èésú nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, iye tí olúkúlùkù dá ló ń gbà. Òótọ́ ló sọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, nígbà tí owó bá ń yọ́ lọ́wọ́ ẹni tó dúró pẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ gbà ti ń jẹ èlé tí ẹnikẹ́ni kò pè lórúkọ. A dìbò, mẹ́fà gbà, mẹ́rin kọ̀, àgbà náà sì ṣì wà pẹ̀lú wa.

Ti àwọn tó ń sọ owó di ìlọ́po, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. MMM ṣèlérí 30 lórí 100 lóṣooṣù kó tó ti àkáǹtì àwọn ènìyàn pa ní oṣù Kejìlá 2016. CBEX wó ní oṣù Kẹrin 2025, àwọn tó fowó sí i sì ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ kan ní Ìbàdàn níbí. Mo máa ń fún àwọn ọmọ SS2 ní ti MMM gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá: bí 100,000 bá ń lé 30 lórí 100 lóṣooṣù, èló ni yóò jẹ́ lẹ́yìn oṣù méjìlá? Ó lé ní mílíọ̀nù méjì àti 300,000. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á wo ìdáhùn náà, á rẹ́rìn-ín. Àwọn olùkọ́ méjì tí wọ́n fowó sí i lọ́dún náà mọ ìṣirò yìí jù wọ́n lọ. Wọn kò ṣe é ni, mo sì mọ bó ṣe ń rí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa, ó ń ṣa ìdin kúrò nínú ẹ̀wà. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wá bá mi, ó ní òun fẹ́ bàtà funfun fún ayẹyẹ ilé-ìwé wọn. Mo ní kó jẹ́ ká wò ó ná. Kò lọ. Ó ní, "Màámi, èló ló kù?"

Ọwọ́ ìyá mi dúró lórí ẹ̀wà. Mo mú fóònù, mo ṣí i, mo kà á síta: 11,650 náírà.

Ó fi ìka ṣe é. "Bàtà yẹn, 9,000 ni. Yóò ku 2,650." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. "Màámi, ọjọ́ mélòó ló kù kí wọ́n tó sanwó fún yín?"